Kọfí tí Burjis Mu

Bí wọ́n bá ní kí n ka àwọn ọkùnrin tí mo ń bínú sí, ìka ọwọ́ mi ò ní tó. Àwọn kan nínú wọn jalè, àwọn kan purọ́, ọ̀kan tiẹ̀ ta ewúrẹ́ aláìsàn fún mi. Burjis ọmọ Mutlak ò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Kọfí ló mu. Síbẹ̀, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí.

Èmi Sabika, àbúrò Kulaif, ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi tètè kú, kò fi ọmọ sílẹ̀, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi àti Haya ìyàwó rẹ̀ la jọ tọ́ Mudi ọmọbìnrin wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí tẹlifóònù ṣì wà lára ògiri ilé, tí ẹni tó bá wà nínú aginjù ò ní ọ̀nà mìíràn láti ránṣẹ́ ju ẹnu èèyàn lọ. Lọ́dún yẹn, ẹnu tèmi ni wọ́n rán.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ooru ti kúrò nílẹ̀, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ sùn sí ìgboro Kuwait mọ́. A ó kó àgọ́, ẹní, ìkòkò, jẹnẹrétọ̀ àti ìyá àgbà sẹ́yìn ọkọ̀, ó di apá Salmi nínú aginjù. Àwọn tó níṣẹ́ ìjọba á máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á sì padà wá lọ́sàn-án. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀, àlejò á rọ́ dé. Àwọn ọkùnrin á ta káàdì, wọ́n á fi àṣá ṣọdẹ, wọ́n á parọ́. Àwa obìnrin á hun aṣọ irun àgùntàn, a ó wá faga, àwa náà á parọ́. A ń sọ pé ìsinmi la bá lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó sinmi níbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èmi àti Mudi ń wá faga lẹ́yìn àgọ́. Faga ni olú tó ń dàgbà lábẹ́ yanrìn. Kì í yọjú síta. Ibi tí ilẹ̀ bá ti wú sókè tó sì sán díẹ̀ lèèyàn á ti fi ọ̀bẹ wú u. Mudi ti rí tirẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo, mo sì ń ráhùn. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lè fún Sahab lóúnjẹ. Àṣá bàbá rẹ̀ ni Sahab. Kulaif ló rà á, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ omi ìjọba ni Kulaif máa ń wà látàárọ̀ títí di ọ̀sán, nítorí náà Mudi ló tọ́ ọ. Òun ló kọ́ ọ láti jókòó sọ́wọ́, òun ló kọ́ ọ láti jẹ́ ìpè. Ó so ìyẹ́ ẹyẹlé mọ́ okùn, ó ń fì í yí orí ká kí Sahab lè bọ̀ wálẹ̀. Àṣá kan bọ̀ lóòótọ́, ó bà sọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sahab.

Kò pẹ́ tí jíìpù kan fi sáré dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, yanrìn bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Imú rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ fẹ̀, kò rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Mudi fa ìbòjú rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ọkùnrin náà wí. "Ẹyẹ mi ló wà lọ́wọ́ yín yẹn."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Mo mọ ẹyẹ mi."

"Gbogbo ẹni tó bá sọ ẹyẹ nù ló máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ àmì ara rẹ̀."

"Ìyẹ́ ìrù rẹ̀ kan kán lápá òsì. Mo lẹ òmíràn mọ́ ọn."

Mudi gbé ẹyẹ náà sókè, ó wo ìrù rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ lẹ eléyìí? Mo rò pé ọmọdé ló fi ṣeré ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kọjú sí mi. "Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ò ní jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n bí mo bá dé láìmú un dání."

"Bàbá yín lẹ̀ ń bẹ̀rù?" Mudi bi í.

Ó rò ó díẹ̀ kó tó dáhùn. "Mo bọ̀wọ̀ fún wọn."

Mudi gbé ẹyẹ náà lé e lọ́wọ́. "Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n tún ìrù rẹ̀ ṣe. Bó ṣe wà yìí, bó bá fò lọ sápá ọ̀tún, kò ní lè yà padà."

Bí Burjis ṣe di àlejò wa nìyẹn. Ó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá rẹ̀ Mutlak tẹ̀ lé e. Àgọ́ wọn ò jìnnà sí tiwa, òkè yanrìn méjì ló wà láàárín. Mutlak ga, ó ní irùngbọ̀n funfun, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè nítorí kò sẹ́ni tó ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun àti Kulaif mú ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́ kíákíá. Wọ́n jọ ń ṣọdẹ, wọ́n jọ ń ta káàdì, wọ́n jọ ń bú àwọn tí kò mọ àṣá í tọ́. Ojú Mutlak kì í kúrò lára Sahab.

"Bàbá Mudi, ta ẹyẹ yìí fún mi."

"Ọmọ ni. A kì í ta ọmọ."

"Ọmọ wo? Ọmọ tí kò lè rọ kọfí fún ọ."

"Kì í sì í bi mí ní ìbéèrè. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún mu kọfí. Àwa wà lẹ́yìn aṣọ híhun tó pín àgọ́ sí méjì, à ń gbọ́ wọn, à ń dáná ìrẹsì àti ẹran fún wọn. Ohùn kan ṣoṣo ni Mudi ń dẹ etí sí, ẹni tó ni ohùn náà ò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n Burjis mọ ibi tí a ti ń wá faga. Láàárín ọ̀sẹ̀, á kàn ṣàdédé gba ibẹ̀ kọjá, á ní òun ń wá ràkúnmí tó sọnù. Bàbá rẹ̀ ò ní ràkúnmí. Á jókòó lókèèrè díẹ̀, èmi á wà láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀bẹ àti agbọ̀n mi, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba orí mi kọjá bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù.

"Ràkúnmí yín ò tíì dé?" Mudi á wí.

"Ó tún sá lọ."

"Ẹ lẹ ìrù mọ́ ọn, bóyá á yà padà."

Nígbà tó yá, 'ẹ' di 'o' láàárín wọn. Mo gbọ́, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí Burjis ti lọ, mo bi Mudi pé, "Kí lo rí lára onímú gígùn yìí?"

Ó gbọn yanrìn kúrò lára faga ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó fèsì. Ọkùnrin mélòó lẹ rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé kò ní èsì ni."

"Ó ní. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ó ní kí n bi yín bóyá ẹ lè lọ bá ìyá òun."

Mo jókòó sórí yanrìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀, síbẹ̀ àyà mi já, nítorí mo mọ irú ilé tí wọ́n ti wá, mo sì mọ irú èyí tí àwa ti wá.

Haya ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ti ní ọkọ tirẹ̀ lọ́kàn fún Mudi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìgboro tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tí eyín rẹ̀ funfun tí bàtà rẹ̀ ń dán.

"Sabika, ìwọ lò ń tì í lẹ́yìn," ó wí. "O ti gbàgbé ohun tí bàbá yín ń ṣe jẹun?"

"Ó ń rọ irin."

"Ó ń rọ irin. Ó ń rọ ọ̀bẹ àti ìkòkò kọfí fún àwọn bàbá Mutlak. Wọ́n ń jẹ oúnjẹ wa, wọ́n ń mu omi wa, wọn ò ní fẹ́ ọmọ wa. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú wa?"

Kò parọ́. Àwọn ìdílé aginjù tó ń ka orúkọ bàbá wọn títí dé ìran kẹwàá kì í fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, kì í ṣe nítorí àìsàn tàbí ìwà búburú, nítorí òòlù lásán ni. Kò sí nínú Kùránì, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Bó o bá bi wọ́n, wọ́n á ní bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn.

Síbẹ̀, mo wọ aṣọ mi, mo gun òkè yanrìn méjèèjì, mo lọ. Mo bá Ìyá Burjis nídìí òfì, ó ń hun aṣọ àgọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, Ìyá Burjis."

"Sabika, ìwọ rèé. Jókòó. Aṣọ mi lo wá wò, àbí ọmọ mi?"

"Aṣọ yín dáa. Ọmọ yín ló ń yọ wá lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi òwú sílẹ̀. "Èmi náà ló ń yọ lẹ́nu. Kò jẹun dáadáa mọ́. Mo sun ẹran, ó ní òun ti yó. Mo ní, 'Kí lo jẹ?' Ó ń wò mí. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, Sabika. Mo rí i bó ṣe ń di ẹyẹ mú. Ẹni tó ní sùúrù pẹ̀lú àṣá, á ní in pẹ̀lú ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí a fi gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lápá kejì aṣọ. Mutlak àti Burjis ni. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ìyá Burjis gbé ìka sẹ́nu.

"Kulaif? Èèyàn dáadáa ni," Mutlak ń wí. "Ẹni tí a jọ ń ṣeré ni. Ṣé gbogbo ẹni tí a bá jọ ṣeré là ń bá dána?"

"Bàbá, èmi ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Ìwọ nìkan lo máa bí ọmọ náà ni? Orúkọ mi ni wọ́n máa jẹ́. Wọ́n á máa bi wọ́n léèrè pé ta ni bàbá ìyá wọn. Kí ni wọ́n máa wí?"

"Wọ́n á ní Kulaif ni."

"Bàbá Kulaif ńkọ́?"

Mo rò pé ó parí nìyẹn, mo ti ń wá bàtà mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Burjis, jẹ́jẹ́, kò gbọ̀n. "Bàbá, bí kì í bá ṣe òun, mi ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ò sì ní ọmọkùnrin mìíràn."

Ọkàn mi fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́. Nígbà tí Mutlak máa fèsì, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ó dáa. Jímọ̀ tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé ife kalẹ̀ níwájú Kulaif."

Ìyá Burjis di ọwọ́ mi mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré padà sílé. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ nínú wa pé kí ló mú kí àgbàlagbà olóríkunkun yí ohùn padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í wádìí.

Láàárín wa, àlejò tó bá ní nǹkan ńlá láti tọrọ kì í mu kọfí tí wọ́n bá gbé fún un. Á gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, á sì máa wò ó. Onílé á bi í léèrè ohun tó fẹ́. Bí onílé bá ti lè wí pé, "Mu kọfí rẹ," ó parí, ó ti gbà, kò lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ ló lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ọmọdé, àgbà, olówó, tálákà. Bí ife kan bá wà nílẹ̀ láìmu, onílé ò lè dìde kó má bi ẹni tó ni ín léèrè. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo lèèyàn ń tọrọ lórí ife kan, ẹni tó bá sì ti mu tirẹ̀ ti wí pé òun ò ní ọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Haya tí kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ló jí ṣáájú gbogbo wa. Ó pa àgùntàn méjì. "Bí wọ́n bá máa gàn wá, wọn ò ní gan oúnjẹ," ó wí, ṣùgbọ́n ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Mudi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó bọ́ ọ, ó tún wọ̀ ọ́. Kulaif ti mọ̀. Mo ti sọ fún un, ó sì ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ti ń pè ní ọmọ alágbẹ̀dẹ láti kékeré, Mutlak tìkára rẹ̀ fẹ́ wá gbé ife kalẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Wọ́n dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Mutlak, Burjis, àti àwọn àgbà ìdílé wọn. Àgọ́ kún. Àwa obìnrin jókòó sẹ́yìn aṣọ, èmi àti Mudi níbi tí aṣọ ti ya díẹ̀, a ń yọjú. Wọ́n bu kọfí. Mutlak gba ife tirẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Gbogbo ẹni tó kù fi tiwọn sọ́wọ́, wọ́n ń dúró.

Ó yẹ kí Kulaif bi í pé, "Kí lẹ fẹ́?" Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gùn ún. Ó fẹ́ kí gbogbo aginjù mọ̀ pé ọwọ́ òun là, pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Burjis," ó wí, "mu kọfí rẹ. Ohunkóhun tó o bá bá wá, mo ti fi fún ọ kí o tó la ẹnu. Ìbáà ṣe ohun tó wọ́n mi jù láyé."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣe é kó. Haya di èjìká mi mú, ó ń mí gúlegúle.

Mutlak ò gbé ife náà. Ó wo Kulaif fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti mọ ohun tó máa ṣe kó tó kúrò nílé, mo gbà bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yí mi lọ́kàn padà. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún un ni.

"Bàbá Mudi, ọ̀rọ̀ rẹ tóbi, ó sì yẹ ọ́," ó wí. "Gbogbo yín lẹ gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ọ́, o kì í gbà. Ẹyẹ yẹn ni. Sahab ni mo wá tọrọ."

Mo rí ojú Burjis. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó tún pa dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Mudi ń sọ ọ́ lábẹ́ èémí, "Sọ̀rọ̀. Burjis, sọ̀rọ̀."

Kulaif jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ló pè lọ sẹ́yìn aṣọ, "Mudi. Gbé Sahab wá."

Orí òpó ìdúró rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa ni ẹyẹ náà wà. Mudi wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé e sọ́wọ́, ó fi ìbòjú awọ bò ó lójú bó ṣe yẹ, ó sì na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Bàbá rẹ̀ gba ẹyẹ náà láìwo ọ̀nà ibẹ̀. Mutlak gbé ife rẹ̀, ó mu ún. Àwọn àgbà náà mu tiwọn.

Burjis nìkan ló kù. Ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe ni kó gbé e kalẹ̀. Kò nílò kó sọ̀rọ̀, kò nílò kó já bàbá rẹ̀ ní irọ́, kò nílò kó dìde. Bó bá ti gbé ife yẹn sórí ẹní, Kulaif á bi í léèrè, Kulaif ì bá sì fún un, mo fi Ọlọ́run búra. Mudi dì mọ́ aṣọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí òpó àgọ́ fi mì.

Burjis gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán.

Wọ́n jẹ àgùntàn méjèèjì. Mutlak yin oúnjẹ. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ tán, Kulaif wọlé sápá ọ̀dọ̀ wa, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni mo fi fún wọn," ó wí. "Mo ti fún wọn ní ìwọ kí wọ́n tó tọrọ. Wọ́n sì mú ẹyẹ."

Haya bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ó gbé Mutlak ṣépè, ó gbé irùngbọ̀n rẹ̀ ṣépè, ó dé ọ̀dọ̀ èmi náà. Mudi ò sunkún. Ó bọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó ká a dáadáa, ó sì lọ fọ àwọn ife.

Ìròyìn ò nílò ẹsẹ̀ ní Salmi. Kí Jímọ̀ mìíràn tó pé, gbogbo àgọ́ ti gbọ́ pé Kulaif fi ọmọ lọ Mutlak, Mutlak ní ẹyẹ tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn àlejò wa dín kù. Àwọn tó ń wá, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò wá, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n má wá. A ká àgọ́ wa kí ìgbà òtútù tó parí. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọkùnrin báńkì wá pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀. Mudi ní òun ò fẹ́. Haya sunkún, Kulaif ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ Mudi láwọn ìgbà kan tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná. Bí mo bá wọlé, á ní òun ń ka ohun tó kù nínú iyọ̀ àti ata.

Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, n kò rò pé Kulaif á tún fẹ́ lọ sí aginjù. Òun ló kọ́kọ́ gbé àgọ́ sínú ọkọ̀. "Kì í ṣe ilẹ̀ bàbá Mutlak," ó wí.

A ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí jíìpù tí mo mọ̀ dáadáa fi gba ẹ̀yìn àgọ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Burjis ti rù, imú rẹ̀ tún gùn sí i. Ó kí mi, n kò dáhùn.

"Màmá, ẹ bínú sí mi. Ó tọ́ sí mi."

"Kí lo fẹ́? A ò ní ẹyẹ mọ́."

"Sahab sá lọ lọ́wọ́ bàbá mi lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbà á. Kò jẹ́ ìpè wọn." Ó dorí kodò. "Mo ti kúrò nílé wọn. Mo ní iṣẹ́ ní ìgboro, mo ní ilé tèmi. Mo sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá síbí. Wọ́n ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí, àwọn ò ní dí mi lọ́nà, àwọn ò sì ní bá mi wá. Ẹ jẹ́ kí n rí Mudi."

Mo lọ sọ fún Kulaif, mo sì retí pé á fi igi lé e. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó pẹ́, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Mudi.

"Ó ti dé. Tìrẹ ni. Bí o bá fẹ́ ẹ, màá gbé ìtìjú mi mì, màá sì fi ọwọ́ mi méjèèjì fà ọ́ fún un. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí."

Mudi jáde. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró níbi tí mo ti lè gbọ́. Wọn ò jókòó.

"O rù," ó wí fún un.

"Ìwọ náà."

"Oúnjẹ ìyá mi ni. Láti ọdún tó kọjá, ó ń fi ìbínú sè é."

Burjis fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Mudi, kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn? Bí mo bá já bàbá mi ní irọ́ nínú àgọ́ ẹlòmíràn, lójú àwọn àgbà wa, ṣé wàá bọ̀wọ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Mi ò ní bọ̀wọ̀ fún un."

"Ó dáa. Kí wá ni?"

"Mi ò ní kí o sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ẹ̀, mo wá rí i pé ó ti pọ̀ jù. Kí o má mu ún ni. Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ni?"

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ṣì jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. "Mi ò mọ̀ pé mo ti mu ún," ó wí. "Mo fi òtítọ́ sọ fún ọ. Gbogbo wọn gbé tiwọn, ọwọ́ mi náà gbé e. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, ife ti ṣófo."

"Mo gbà ọ́ gbọ́," Mudi wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti dárí jì í, inú mi sì fẹ́ dùn. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ká ní o mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é ni, mo lè bá ọ jà, kí o yí padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá rẹ bá ní kí ọmọ wa lọ jókòó lọ́tọ̀ nítorí bàbá bàbá mi, gbogbo yín á wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ á sì tún gbé nǹkan mìíràn."

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Burjis, máa lọ."

"Mudi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Máa lọ."

Ó dúró. Ó ń wò ó, ó ń wò mí, bí ẹni pé mo lè rí ọ̀rọ̀ kan bá a sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tirẹ̀ ti dákẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ó wọ inú jíìpù, ó sì wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Mo rò pé ó ń retí kí ẹnì kan pè é padà.

Kulaif ti jáde sí ẹnu àgọ́, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. N kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀.

"O ṣe é," ó wí. "O ṣe bí ọmọ. Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́. O gbé orí gbogbo wa sókè."

Mudi ò yí ojú kúrò lára ọkọ̀ náà, tó ti ń gun òkè yanrìn kìíní. Ó ti di òpó àgọ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn mí," ó wí. "Bí ẹ bá tún yìn mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá sáré tẹ̀ lé e."

Ẹ̀gbọ́n mi mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Kò yìn ín mọ́.